Ìdí Òpó Mọ́lẹ̀, Àárín Títì Ṣókùnkùn

Ọmọ mi, òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ti ti ọjà alẹ́ rìn padà sílé rí nínú àwọn ìlú olókè wa wọ̀nyí, yálà Ìjerò ni o, yálà Àrámọ̀kọ, yálà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkè yí ká débi pé oòrùn ti máa ń fara pamọ́ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú gan-an, yóò mọ̀ pé òkùnkùn kì í béèrè bóyá olóyè ni ọ́ tàbí ọmọ iṣẹ́, ibi tí kòtò bá wà ni yóò ti gbé ọ ṣubú, bí o bá sì ní ẹrù lórí, tòun tẹrù ni. Àwa tí a fi àtùpà elépo kàwé, tí a fi láńtànù rìn lọ sóko ẹ̀gbẹ́ ilé, tí a mọ bí èéfín kẹrosíìnì ṣe ń ta sí ihò imú títí ilẹ̀ fi ń mọ́, a mọ iyì ìmọ́lẹ̀, nítorí ohun tí ojú ẹni bá ti pọ́n dé ni a ń mọ rírì rẹ̀.

Lónìí, ìyàtọ̀ ti dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ ń gun òpó, ẹ̀yin lẹ ń gbé páńẹ́lì sólà sórí páànù, ẹ̀yin lẹ sì mọ bí a ti ń so bátìrì mọ́ra tí kò fi ní gbiná, inú mi sì ń dùn sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti mọ ọrùn ara rẹ̀ í gbé, ọkàn àgbà á balẹ̀. N kò wá kọ́ ọ ní wáyà síso. Nǹkan kékeré kan tó máa ń jókòó sójú iná LED ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra iná kì í wò lẹ́ẹ̀kejì, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé e kọ́ náà kì í sì í bi léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Lẹ́ńsì ni mò ń wí.

Lọ dúró lálẹ́ sí títì kan tí wọ́n ri òpó iná sólà sí, kí o má wo òkè, ilẹ̀ ni kí o wò. Ìdí òpó á mọ́lẹ̀ kedere, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ síbẹ̀ o ó rí i ṣà; tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́; bí o bá fi máa dé agbedeméjì òpó méjì, o kò ní mọ ẹni tó ń kí ọ àfi bí o bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ líle kì í sì í tètè ríran nínú òkùnkùn, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ìdí òpó yẹn gan-an ló tún ń mú kí àárín títì dúdú lójú ẹni ju bó ti dúdú lọ. Àwọn èèyàn á ní iná náà kò tó. Wọ́n á lọ ra èyí tó lágbára jù ú lọ, wọ́n á gbé e gorí òpó kan náà, ìdí òpó á wá máa fọ́ni lójú, àárín títì á wà bó ṣe wà, bátìrì á sì ti tán kí àkùkọ tó kọ. Ọmọ mi, iná náà tó. Ẹni tí yóò pín in ni kò sí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ọ yékéyéké, ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ ìwà LED fúnra rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ ń tàn yí ara rẹ̀ ká, ó ń tan òkè, ó ń tan ilẹ̀, ó sì ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ dà sí ooru. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Ègé kékeré pẹlẹbẹ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ níbùú, iwájú rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n tàn sí. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń ti inú rẹ̀ jáde, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bò ó lójú ló ń sọ ọ́ di funfun. Àwọn ọmọ bíbí Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló rí ọ̀nà gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù yìí jáde lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti wá a tì, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Wàyí o, mú òpó tó ga ní mítà 6, kí o gbé LED tí kò ní lẹ́ńsì kọ́ sórí rẹ̀, kó dojú kọ ilẹ̀ gán-ún. Rìn kúrò nídìí òpó ní mítà 6: ilẹ̀ tí o dé yẹn kò rí ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí ìdí òpó ń rí. Rìn dé mítà 10 àti díẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí a bá na okùn láti orí òpó wá sílẹ̀, okùn náà yóò ya kúrò lára òpó ní igun 60 dígírì: ìdá kan nínú 16 péré ló kù níbẹ̀. Gbèsè mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èkíní, LED kì í bù púpọ̀ fún ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń rán sí igun 60 jẹ́ ìdajì ohun tó ń rán síwájú. Èkejì, ọ̀nà jìn. Láti orí òpó dé ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga òpó, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì rin ọ̀nà ìlọ́po méjì, ìdámẹ́rin agbára rẹ̀ ló ń gbé dé. Ẹ̀kẹta, kò bọ́ sílẹ̀ lóòró, ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìwọ̀nba tó kù wá tẹ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìdajì ìdámẹ́rin, kí a tún wá pín in sí méjì, ìdá kan nínú 16 náà nìyẹn. Bí òpó kejì bá wà ní mítà 21 sí ti àkọ́kọ́, tó ń ran agbedeméjì lọ́wọ́ láti apá tirẹ̀, ìdá kan nínú 8 ni ibẹ̀ yóò ṣì rí. Bí o bá sì lọ ra iná tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìdí òpó náà á di ìlọ́po mẹ́wàá, ìṣirò náà kò yí padà, owó nìkan ló lọ.

Gbèsè wọ̀nyí ni lẹ́ńsì wá san kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò nílé. Kí ilẹ̀ tó lè mọ́ dọ́gba láti ìdí òpó dé igun 60 yẹn, ohun tí orí òpó ń rán síbẹ̀ ní láti jẹ́ ìlọ́po 8 ohun tó ń rán sí ìdí òpó: ìlọ́po 4 nítorí ọ̀nà tó jìn, ìlọ́po 2 nítorí ilẹ̀ tó fẹ̀. Lẹ́ńsì kò lè dá ìmọ́lẹ̀ kankan, bó ti wù kó dára tó. Ó ń gbà lọ́wọ́ ibi tó ní àníjù ni, ó ń fún ibi tí kò ní tó. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó lẹ́ńsì iná títì fi máa ń rí bí ẹ̀pà ọlọ́mọ méjì, àárín rẹ̀ fún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, kó lè ti ìmọ́lẹ̀ kúrò láàárín sọ́tùn-ún sósì, kó tẹ̀ lé ojú títì lọ, kó má lọ wọ yàrá ẹni tó ń sùn.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ dígí, tàbí tó ti inú dígí jáde sínú afẹ́fẹ́, a máa yà, kì í sì í yà bó bá ṣe wù ú. Òfin ló ń tẹ̀ lé. Ibn Sahl, tó ṣiṣẹ́ ní Bàgídádì, ti kọ òfin náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 984, ó sì tó ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé kí Willebrord Snell ará Netherlands tó tún rí i ní 1621, òun sì ni ayé fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ṣùgbọ́n kí o má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lásán ni mò ń sọ, jẹ́ ká wálé sí Ìjerò. O mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjerò ní tourmaline, òkúta olówó iyebíye yẹn, ó wà nínú irú àpáta kan náà tí a ti ń wa quartz àti feldspar, tí a sì ti ń rí lepidolite tó ní lithium nínú, lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì tó wà lẹ́yìn iná rẹ. Ẹni tó bá ń gé tourmaline fún ọ̀ṣọ́ mọ̀ pé bí òun bá gé ẹ̀yìn òkúta pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú wọlé á gba ẹ̀yìn jáde, òkúta náà á ṣófo láàárín, wàá máa rí ìka ọwọ́ rẹ láti òdìkejì. Ṣùgbọ́n bó bá gé e ní igun tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ á fi orí gbá ẹ̀yìn òkúta, kò ní rí ọ̀nà lọ, á ta padà wá sójú, òkúta á sì máa kọ mànà. Nínú tourmaline, nǹkan bí 38 dígírì ni igun tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà báyìí. Nínú acrylic, tí àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ń pè ní Perspex, ó jẹ́ nǹkan bí 42. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú lẹ́ńsì LED. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ á kan ògiri inú lẹ́ńsì, ògiri náà á dá a padà síwájú láìsí fàdákà tàbí páànù dídán kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní jẹ nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé páànù dídán lè jẹ bíi 10 nínú 100 nígbàkigbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó pé òkúta púpọ̀ ń ti Ìjerò lọ láìgé, nítorí ọmọ tó bá kọ́ bí a ti ń gé tourmaline tọ́wọ́ rẹ̀ dán, ó ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ lẹ́ńsì mọ́ ọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé iṣẹ́ dígí kì í ṣe iṣẹ́ ìran wa, rọra dá a lóhùn pé kó lọ wo Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti yọ́ èròjà ilẹ̀ di dígí, tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ dígí náà wò, wọ́n sì rí i pé àdàlù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, ilé ni wọ́n ti rò ó, ilé ni wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀nà tí a ń gbà ya lẹ́ńsì iná kò le tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́, sùúrù ló gbà. Lẹ́ńsì kámẹ́rà ń ṣe wàhálà kí àwòrán má bàa dàrú. Lẹ́ńsì iná kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwòrán, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí nìkan ló kàn án, Roland Winston ní Yunifásítì Chicago sì wà lára àwọn tó sọ èyí di ẹ̀kọ́ gidi láti àwọn ọdún 1960. Pín ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú LED jáde sí ọgọ́rùn-ún ègé tí agbára wọn dọ́gba. Pín ilẹ̀ tí o fẹ́ tàn náà sí ọgọ́rùn-ún ègé tó dọ́gba. Fún ègé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, láìjẹ́ kí ọ̀kan fo ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí o ṣe ìṣirò bí ojú lẹ́ńsì yóò ti dagun tó níbi tí ègé kọ̀ọ̀kan yóò gbà jáde, kí òfin Snell lè gbé e dé ilẹ̀ tí o yàn fún un. So àwọn ojú kéékèèké wọ̀nyẹn pọ̀, ìlà kan á jáde tó rọra ń wọ́, ojú lẹ́ńsì rẹ nìyẹn. Ìṣirò igun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé girama tó o ṣe é, kọ̀ǹpútà kàn ń mú un yá ni. Bí o bá ṣe é tán tí kò bọ́ sí i, padà sídìí rẹ̀, tún un ṣe, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra gan-an. Ìṣirò tí mo kà fún ọ yìí mú LED bí ojú abẹ́rẹ́, LED kì í sì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, ó ní ìbú. Bí o bá ki lẹ́ńsì kékeré bo LED tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí owó ẹyọ ńlá, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti etí rẹ̀ jáde kò ní gba ọ̀nà tí o là sílẹ̀, gbogbo pípín tí o pín á dàrú. Bí a ti wù kí a se ẹbòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́: kò sí ọgbọ́n lẹ́ńsì kan lábẹ́ ọ̀run tó lè sọ iná tó fẹ̀ di ìtànṣán tóóró láìjẹ́ pé lẹ́ńsì náà tóbi. Nítorí náà, LED kéékèèké púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́ńsì tirẹ̀, sàn fún títì ju ẹyọ gbàǹgbà kan tí wọ́n kàn fi gíláàsì bò. Gíláàsì náà kò sì ṣàì gba tirẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá là kọjá ń gba nǹkan bí 4 nínú 100, lẹ́ńsì tó mọ́ tónítóní sì ní ojú méjì, èyí tó jáde kò ju 92 lọ; bí o bá tún fi gíláàsì bò ó, ó di bíi 85. Bí o bá rí òrùka aláwọ̀ ìyeyè létí ìmọ́lẹ̀ rẹ, má ṣe torí rẹ̀ fi ọ̀rá funfun bo gbogbo iná kó má bàa sọ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ nù. Kókó wínníwínní lójú lẹ́ńsì tó láti po àwọ̀ náà pọ̀.

Títì wa sì ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó wà lọ́jà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n yà wọ́n fún, wọn kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n. Ọlọ́kadà tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lóru, orí òpó tó wà nísàlẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe déédéé ojú rẹ̀, bí lẹ́ńsì bá sì ń ju ìmọ́lẹ̀ jìnnà jù sí ẹ̀gbẹ́, ojú ọlọ́kadà ni yóò fi gún, ẹni tó ń gbé ìyá àti ọmọ lẹ́yìn á sì fi ojú tó fọ́ wọ kọ́nà. Láti nǹkan bí igun 75 lọ sókè, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì rẹ relẹ̀ gidigidi, kí o sì dẹ orí iná náà kó dojú kọ ojú títì bí títì ṣe dagun, dípò kó dúró bíi pé pẹrẹsẹ ni ilẹ̀. Bí o bá rí i pé ó kù díẹ̀ kí àárín mọ́ tó nítorí èyí, sún òpó mọ́ra. Òpó kan tó lé kò wọ́n tó ẹ̀mí.

Bí o bá fẹ́ ra lẹ́ńsì tí wọ́n ti ṣe tán, ní Alábà nílùú Èkó tàbí ibikíbi, má ṣe torí wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ra iná. Béèrè àwòrán tó fi hàn bí ó ṣe ń pín ìmọ́lẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe é dáadáa ní in, ẹni tí kò ní in, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń tà. Béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é pẹ̀lú. Acrylic ń fara da oòrùn, ṣùgbọ́n ooru tó bá súnmọ́ 100 dígírì á mú kó rọ̀, nítorí náà aluminiomu tó ń gbé ooru kúrò lẹ́yìn LED gbọ́dọ̀ tó ohun tó ń ṣe. Polycarbonate ń fara da ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fi nǹkan dáàbò bò ó, oòrùn ilẹ̀ wa á sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kú sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí o tó gba owó iṣẹ́, wọn ìmọ́lẹ̀ náà. Dúró di alẹ́ tí kò sí òṣùpá, fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan láti òpó kan dé èkejì, fi fóònù tó lè ka ìmọ́lẹ̀ lélẹ̀ kó dojú sókè, kí o sì kọ ohun tó kà sínú ìwé. Kò pọn dandan kí fóònù náà péye bí ẹ̀rọ yàrá ìmọ̀, ìyàtọ̀ láàárín ibì kan sí èkejì ni a ń wá. CIE, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ láti 1913, fẹ́ kí ibi tó ṣókùnkùn jù lójú ọ̀pọ̀ títì ọkọ̀ má dín sí nǹkan bí 40 nínú 100 ìpíndọ́gba títì náà. Bí tìrẹ bá dín sí i, má ṣe fi pamọ́ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ. Sọ fún un, kí o padà sídìí lẹ́ńsì.

Ó wá ku ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bo ojú lẹ́ńsì, òkú kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo igun tí o fi sùúrù yà á dàrú. Kó ẹnì kan mọ́ra ládùúgbò tí òpó wà, ọ̀dọ́kùnrin tó lè gun àkàbà, kí o sì kọ́ ọ pé omi tó mọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni kó fi nù ún, kó kọ́kọ́ da omi sí i kí iyanrìn inú eruku má bàa ha á. Kìlọ̀ fún un dáadáa pé kò gbọdọ̀ fi epo bẹntiróòlù tàbí ọtí kankan kan acrylic, nítorí ńṣe ni yóò sán wínníwínní káàkiri, kò sì sí ohun tí a lè fi tún un ṣe mọ́ ju kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ.